Ọmọ Ọ̀fà Pàdé Kíréènì ní Schifferstadt

Ẹni tó bá fẹ́ kí ara rọ òun ní ilẹ̀ Jámánì kò gbọdọ̀ ki oríkì ìlú rẹ̀ sí etí onílé, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọ Ọ̀fà bíi tèmi. Ní ọjọ́ tí baba arúgbó tó ń gbé òkè ilé wa bi mí léèrè ohun tí wọ́n mọ ìlú mi mọ́, ẹnu mi kò dúró: mo ní ọmọ Ọlálọmí ni mí, ìjàkadì ni orò Ọ̀fà. Mo rò pé baba yóò kàn mirí, kí oníkálukú sì gba yàrá rẹ̀ lọ. Ńṣe ni wọ́n fà mí wọlé, wọ́n po kọfí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn ajìjàkadì kan tó ń jẹ́ Wilfried Dietrich. N kò mọ̀ pé ìlú tó ń ṣe irú orò kan náà ni mo wá gba yàrá sí.

Schifferstadt yìí ni wọ́n bí Dietrich sí ní ọdún 1933, kíréènì sì ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ẹni tó bá ti gbá mú, òkè ni onítọ̀hún ń kọ́kọ́ lọ kó tó padà sílẹ̀. Ó gba fàdákà nínú ìdíje Olympics ní Melbourne lọ́dún 1956. Ní Rome lọ́dún 1960, ó gba wúrà nínú freestyle, ìjàkadì tí a ti lè di ẹsẹ̀ ọ̀tá mú, ó sì tún gba fàdákà nínú èyí tí wọ́n ti ka ẹsẹ̀ léèwọ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló borí gbogbo ayé ní Yokohama. Idẹ ló tún gbà ní Tokyo lọ́dún 1964 àti ní Mexico City lọ́dún 1968. Baba kò wo ìwé kankan. Ìgbà náà ni mo rí i pé àwọn ará ibí náà ń ki oríkì, àmọ́ ọdún àti àmì-ẹ̀yẹ ni wọ́n fi ń ki tiwọn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé Munich, ọdún 1972, baba dìde dúró. Dietrich ti di ẹni ọdún 38, ọjọ́ orí tí èmi ti ń di ìbàdí mú kí n tó lè kúrò lórí àga. Ẹni tó kò ó lójú ni Chris Taylor, ará Amẹ́ríkà, tí ìwọ̀n rẹ̀ ju kílò 180 lọ. Ẹ fi àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta àbọ̀ rò ó, kí ẹ sì tún bu díẹ̀ lé e. Nínú freestyle, Taylor fi àmì borí rẹ̀. Kí wọ́n tó tún pàdé nínú oríṣi kejì, baba ní Dietrich lọ dì mọ́ ọn bí ọ̀rẹ́ méjì tó pàdé lóde ìgbéyàwó. Ẹni tó bá rí i yóò pè é ní ọmọlúàbí, láìmọ̀ pé ńṣe ló ń wò ó bóyá ọwọ́ òun méjèèjì lè pàdé lẹ́yìn ọkùnrin náà. Nígbà tí ìjà dé, ó gbá a mọ́ àyà, ó ju ara rẹ̀ sẹ́yìn bí igi tó ń wó, ó gbé odidi òkè náà gba orí ara rẹ̀ kọjá, èjìká Taylor méjèèjì sì kan ilẹ̀.

N kò tíì mu kọfí mi tán tí baba ti ń wo èjìká tèmi. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìfọṣọ tuntun àwọn wà nísàlẹ̀, pé Ọlọ́run ló rán ọmọ Ọ̀fà sí àwọn. Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé, ilé náà kò sì ní ohun tó ń gbé ènìyàn ròkè ju ẹsẹ̀ onítọ̀hún lọ. Báwo ni ọmọ tí a kọ́ nílé yóò ṣe wo ojú àgbàlagbà kó ní òun kò lè ṣe é? Mo sọ̀kalẹ̀, mo sì kọ́kọ́ dì mọ́ ẹ̀rọ náà tìfẹ́tìfẹ́ gẹ́gẹ́ bí Dietrich ti ṣe. Ọwọ́ mi kò pàdé. A wọ̀yá ìjà títí dé àjà kìíní, níbi tó ti gbé gbogbo ara lé mi, tí èjìká mi méjèèjì sì kan ògiri. Baba ń pariwo láti òkè pé kí n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ní kò ju àtàǹpàkò lọ. Mo fi ìwọ̀nba èémí tó kù dá wọn lóhùn pé freestyle la ṣẹ̀ṣẹ̀ jà yìí, Dietrich alára sì pàdánù tirẹ̀. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní òótọ́ ni, wọ́n sì lọ po kọfí mìíràn.

Ẹ̀rọ náà ṣì wà ní àjà kìíní títí di òní. Ìyá tó ń gbé ibẹ̀ ti gbé ìkòkò òdòdó lé e lórí.