Ta ló ní dandan ni kí á ta ilẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀?

Bí dókítà bá ti dárúkọ jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ fún ìdílé kan nílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ owó ló máa ń gba ẹnu gbogbo ilé. Ẹnì kan á ní kí wọ́n wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀ bàbá wọn. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní London á ní òun ti ń béèrè iye tí wọ́n ń gbà fún ìtọ́jú rẹ̀ ní Íńdíà. Kó tó di alẹ́, fọ́tò aláìsàn ti wọ WhatsApp, nọ́ńbà àkáǹtì wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú iye mílíọ̀nù tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀. Ohun tí gbogbo wọn gbà ni pé àìsàn olówó ni, pé oògùn rẹ̀ kọjá agbára mẹ̀kúnnù.

Irọ́ ni, ó kéré tán fún ẹ̀yà kan nínú àìsàn náà tí wọ́n ń pè ní CML.

Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló máa fi gbé èèyàn dè. CML ní tirẹ̀ máa ń rọra wọlé. Á máa rẹ èèyàn, á máa rù, òógùn á máa bò ó lóru, nǹkan kan á sì máa le sí abẹ́ ìhà òsì títí ikùn á fi yọ síta. Ibí gan-an lowó ti ń kọ́kọ́ ṣòfò, torí ọ̀pọ̀ á ti gba ọ̀dọ̀ alágbo àti ilé àdúrà kọjá, wọ́n á ti wo ibà, wọ́n á ti wo májèlé, kí ẹnikẹ́ni tó ní kí wọ́n lọ ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. (Kì í ràn o, kì í sì í ṣe àfiṣe. Krómósómù méjì, ìyẹn okùn àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì, ló ṣẹ́, tí àjákù wọn wá lẹ̀ mọ́ ibi tí kò yẹ. Ìlú Philadelphia ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àmì rẹ̀ ní 1960.)

Oògùn tó kojú ìjà sí àṣìlẹ̀ yẹn gan-an ni imatinib, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Glivec. Ọdún 2001 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Oníhóró ni, ilé ni èèyàn ti ń lò ó lójoojúmọ́. Nígbà tó jáde, èyí tí ẹnì kan máa lò fún ọdún kan lé ní 20,000 dọ́là. Ẹni tó gbọ́ iye yẹn tó sì pariwo kò jẹ̀bi.

Àmọ́ láti 2003 ni àwọn aláìsàn CML ti ń gba oògùn yìí lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé-ìwòsàn OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀. Novartis tó ń ṣe oògùn náà àti àjọ Max Foundation ló ṣètò rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Durosinmi ló sì léwájú iṣẹ́ náà ní Ifẹ̀. Láàárín 2003 sí 2007 nìkan, aláìsàn 98 ló wà nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n gbé jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ifẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń rí i gbà ní gbogbo Nàìjíríà, tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń ti Òkè Ọya bọ̀ àti àwọn tó ń ti ilẹ̀ Ìbò bọ̀ jọ ń pàdé níbẹ̀ ni.

Kí ló wá ń jẹ owó? Ọ̀nà ni. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, ibi tí wọ́n á sùn mọ́jú, ọjọ́ tí wọn ò ní lè ṣí ṣọ́ọ̀bù, àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí kì í tán. Ta lẹ ti rí lórí WhatsApp tó ń tọrọ owó mọ́tò? Ìtìjú ni. Bẹ́ẹ̀ èyí ló ń ṣe àwọn èèyàn lọ́ṣẹ́: oògùn á ti mú kí ikùn fà wálẹ̀, ara á ti le, owó ọkọ̀ á wá wọ́n, aláìsàn á ní òun á lọ lóṣù tó ń bọ̀. Oṣù á yí lu oṣù láìlo oògùn, àìsàn á sì tún dìde.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ran aláìsàn CML lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ san owó àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní BCR-ABL, èyí tó ń wá àṣìlẹ̀ krómósómù yẹn nínú ẹ̀jẹ̀. Dókítà ẹ̀jẹ̀ ló ń fi orúkọ aláìsàn sílẹ̀ fún oògùn ọ̀fẹ́, aláìsàn ò lè dá a ṣe, àbájáde àyẹ̀wò yẹn sì ni ẹ̀rí tí dókítà máa fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pín owó ọkọ̀ láàárín ara yín, kí ẹ sì máa fi ránṣẹ́ nígbàkígbà tó bá tó àkókò àtilọ. Mo fara mọ́ ìyẹn ju owó ńlá ẹ̀ẹ̀kan tí gbogbo ẹbí á fi gbàgbé rẹ̀ lọ. Ní ti pípààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun ní Íńdíà, ibẹ̀ kọ́ ni ìtọ́jú CML ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Mi ò sọ pé gbogbo jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ló rí báyìí o. Èyí tó ń mú àwọn ọmọdé jù, tí wọ́n ń pè ní ALL, oògùn rẹ̀ ń gba ọdún méjì sí mẹ́ta, kò sì sí hóró ọ̀fẹ́ kan tó máa kó gbogbo ìyẹn lọ. Owó tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún aláìsàn jẹjẹrẹ tí kò lówó lọ́wọ́, ti ọyàn, ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ àti próstéètì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Bí ti ọmọdé bá ni wọ́n torí ẹ̀ tọrọ owó lọ́wọ́ yín, òótọ́ ni ìnáwó náà. Ṣùgbọ́n ẹ tún béèrè bóyá wọ́n nílò ẹ̀jẹ̀, torí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń gba ẹ̀jẹ̀ léraléra, ilé-ìwòsàn sì sábà máa ń ní kí ẹbí wá ẹni tí yóò fi tirẹ̀ rọ́pò. Bí ará ilé ò bá rí ẹni gbà, wọ́n á lọ wá owó tí wọ́n á fi rà á.