Tínà inú sólà

Kí n tó wọ yunifásítì, ilé ìtẹ̀wé kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá ti dé àdúgbò yẹn rí mọ òórùn tí mò ń sọ. Tínà la fi ń fọ rólà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nígbàkúùgbà tí a bá fẹ́ pààrọ̀ yíǹkì, pẹ̀lú ọwọ́ lásán, fèrèsé á sì wà ní títì kí eruku má baà bà lé bébà. Kó tó di ọ̀sán, orí á ti máa fọ́ wa. Ọ̀gá á ní, "Ẹ lọ mu mílíìkì." A ó sì lọ mu ún, bí ẹni pé mílíìkì mọ ọ̀nà ọpọlọ.

Ọ̀rọ̀ sólà ló rán mi létí. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta epo jẹnẹrétọ̀, òrùlé Ìbàdàn ń kún fún páńẹ̀lì, èyí tí wọ́n fi sílíkọ́nì, èròjà inú yanrìn, ṣe sì ni a ń rà. Àmọ́ irú kan wà tí wọ́n lè tẹ̀ bí ẹni tẹ ìwé ìròyìn: wọ́n á po ike tó ń gbé iná bíi yíǹkì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ṣe é ká bí ẹní. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Heeger, MacDiarmid àti Shirakawa, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2000 lórí ike tó ń gbé iná. Ní yàrá ìwádìí, irú sólà yìí ti ń sọ ohun tó ju 19 lọ nínú 100 agbára oòrùn di iná.

Ohun tí wọ́n fi ń po yíǹkì yẹn ló ń bí mi nínú. Chloroform àti chlorobenzene, tínà méjì tó ní chlorine nínú, ló wọ́pọ̀. Chloroform yìí náà ni wọ́n fi ń kun aláìsàn lóorun láyé àtijọ́, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Kì í ṣe pé àwọn onímọ̀ ya ìkà o. Nǹkan méjì ló wà nínú yíǹkì náà: ọ̀kan ń tú elẹ́kítírónì, ìyẹn kíńkíńní tó ń gbé iná, sílẹ̀, èkejì ń gbà á. Bó bá yára gbẹ jù, wọn ò ní ráyè to ara wọn. Bó bá pẹ́ jù, wọ́n á ṣe kókó bí àmàlà tí a ò ro dáadáa. Àwọn tínà oníchlorine wọ̀nyí mọ iṣẹ́ yẹn ṣe.

Nínú àrọ́pò tí wọ́n ń wá, o-xylene, tínà tí kò ní chlorine nínú, ni ọ̀pọ̀ ń gbé lárugẹ. Ó sàn jù, mo gbà. Ṣùgbọ́n xylene wà nínú tínà tí àwọn tó ń kun ilé ń rà! Ẹni tó bá pè é ní aláìléwu kò dúró ti rólà rí. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn ni 2-methyltetrahydrofuran, tí wọ́n lè fi kùùkù àgbàdo tàbí pàǹtí ìrèké ṣe. Ẹ wo kùùkù tí à ń dà nù ní Bódìjà lásìkò àgbàdo! Àwọn mìíràn ń gbìyànjú omi lásán, wọ́n á sọ ike náà di kíńkíńní sínú rẹ̀, àmọ́ iná rẹ̀ kò tíì tó ti chloroform.

Lójú tèmi, bí iná bá máa fi díẹ̀ rẹlẹ̀ nítorí omi, kó rẹlẹ̀. Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ yìí dé Ìbàdàn, irú àwa ọmọ iṣẹ́ yẹn ni yóò dúró ti ẹ̀rọ.

Bọ̀dá tí a jọ kọ́ṣẹ́ ṣì wà ní Mọ́kọ́lá. Mo ròyìn sólà tí wọ́n fi omi po yíǹkì rẹ̀ fún wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọn ò bèèrè iye iná tó ń mú wá rárá. Wọ́n ní, "Ṣé ó máa ń tètè gbẹ ṣá?"