Èékánná ọmọ ń ṣí lẹ́yìn àìsàn: ká lo oògùn ni, àbí ká fi sílẹ̀?

Ìyá Àkànní: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Àìsàn ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ẹnu, èyí tó ń mú ìléròrò yọ sára ọmọdé, ṣe ọmọ mi. Ara rẹ̀ ti yá. Ó lé lóṣù kan lẹ́yìn náà ni mo rí i pé èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ ti ya nídìí, ó ń gbéra sókè. Kò dùn ún. Tuntun tín-ín-rín kan sì ti ń yọ lábẹ́ rẹ̀.

Adéṣẹ̀gun: Fọ́ńgọ́ọ̀sì nìyẹn. Ẹ tètè wá oògùn rẹ̀ kó tó ràn dé ìka yòókù.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Mi ò gbà, Adéṣẹ̀gun. Èékánná tí fọ́ńgọ́ọ̀sì bá mú sábà máa ń nípọn, á pọ́n rúsúrúsú, á sì máa rún. Èyí tí wọ́n sọ yìí, ìdí ló ti ya. Nígbà tí àìsàn ń bá ara jà, ibi tí èékánná ti ń hù dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ìgbà tó tún bẹ̀rẹ̀, tuntun ń ti àtijọ́ jáde. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Coxsackievirus A6 ni wọ́n sábà ń bá nídìí irú èyí, bí wọ́n ṣe rí i ní Finland lọ́dún 2008.

Adéṣẹ̀gun: Bó bá jẹ́ fáírọ́ọ̀sì ni, kí ló dé tí kò hàn nígbà tí ọmọ ń ṣàìsàn?

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Abẹ́ awọ ni ìdí èékánná wà. Ti ọwọ́ kì í gùn ju bíi mìlímítà 3 lọ lóṣù, torí náà ó máa ń pẹ́ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tó yọ síta. Bí ìdádúró náà bá kéré, kò ní ṣí rárá. Ìlà tó jìn díẹ̀, tó dábùú èékánná, la ó rí. Joseph Beau, dókítà ará Faransé, ti kọ̀wé nípa ìlà yẹn ní 1846. Àwọn kan rí i lẹ́yìn kòrónà náà.

Kẹ́mi A.: Lójú tèmi, oògùn ló ń ba èékánná jẹ́ ju àìsàn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń lo oògùn HIV tí zidovudine wà nínú rẹ̀. Ìlà dúdú ti yọ lára gbogbo èékánná ọwọ́ rẹ̀, láti ìdí dé orí. Mo ní kó dá oògùn náà dúró.

Dúró Ṣinṣin: Háà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Èmi náà ti lò ó, èékánná mi dúdú, kò sì dùn mí. Àwọ̀ lásán ni, ara àwa aláwọ̀ dúdú ló sì ti wọ́pọ̀ jù. Bó bá dá oògùn dúró, fáírọ́ọ̀sì á tún pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, oògùn náà sì lè má ràn án mọ́. Zidovudine lè dín ẹ̀jẹ̀ kù. Ìyẹn ni kó lọ yẹ̀ wò. Torí ẹ̀ ni dókítà fi pààrọ̀ tèmi, dúdú náà sì ti ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Kẹ́mi A.: Ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n ṣebí abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ni jẹjẹrẹ Bob Marley ti bẹ̀rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Òótọ́ ni. 1977 ni wọ́n mọ̀ ọ́n, ó kú ní 1981. Àmọ́ èékánná kan ṣoṣo ni irú jẹjẹrẹ yẹn sábà ń mú. Ìlà rẹ̀ á máa fẹ̀ sí i, dúdú náà sì lè tàn dé awọ ẹ̀gbẹ́ èékánná. Ẹni tó bá rí ìyẹn, kó má fi falẹ̀ rárá, kó lọ bá dókítà awọ.

Adéṣẹ̀gun: Ó dáa, àmọ́ kí ìyá yìí kàn jókòó máa wò ó, mi ò gbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Yíyẹ̀ ẹ́ wò dára. Wọ́n lè gé díẹ̀ nínú èékánná náà láti fi ṣàyẹ̀wò. Fífún ọmọ ní oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì láìṣàyẹ̀wò ni mo ta kò; èyí tí wọ́n ń gbé mì lè ṣe ẹ̀dọ̀ léṣe. Ìyá Àkànní, ẹ má fà á tu. Ẹ gé etí tó ń kọ́ aṣọ, kẹ́ ẹ fi báńdéèjì bo èyí tó ń mì. Bó bá wú, tó ń ta á, tàbí tí ọyún ń jáde, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ìyá Àkànní: Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Ti ẹsẹ̀ ńkọ́? Ọ̀kan níbẹ̀ náà ti ń ya.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Bákan náà ni, ó kàn lọ́ra ju ti ọwọ́ lọ ni. Lára àgbà, ti ọwọ́ máa ń hù tán ní bí oṣù 6, ti ẹsẹ̀ lè gba ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀. Ti ọmọdé máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.