Ẹ má fi ojú tó le nínú fọ́tò àtijọ́ sọ pé àwọn òbí wa àgbà kò mọ ìfẹ́

Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbé fọ́tò àtijọ́ síta, tí bàbá àti ìyá jókòó, tí wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún, tí ẹnì kankan kò rẹ́rìn-ín, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀: "Àwọn ará àtijọ́ kì í fìfẹ́ hàn sí aya, wọn kì í fi hàn sí ọmọ." Irọ́ ni.

Àwọn mìíràn á ní kámẹ́rà ló lọ́ra. Lóòótọ́, nígbà tí fọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé ní 1839, èèyàn ní láti dúró gbọin fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Àmọ́ kí ọ̀rúndún yẹn tó parí, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó. Fọ́tò ọdún 1950 sí 1970 ló sì pọ̀ jù lára ògiri ilé wa!

Àwọn fúnra wọn ló yan ìjókòó yẹn. Ìnáwó ni fọ́tò yíyà nígbà náà. Èyí tí wọ́n bá yà ni wọ́n máa gbé kọ́ sí pálọ̀, òun náà ni ọmọ máa gbé jáde lọ́jọ́ ìsìnkú. Ta ló máa fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀? Bí ẹ bá ń wá ìfẹ́, ẹ wo aṣọ: tọkọtaya tó dá aṣọ kan náà, ọ̀rẹ́ méjì tó wọ ànkó, tí èjìká wọn kanra.

Ti ìbejì ló wọ̀ mí lára jù. Ní 1978, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ ohun tó rí ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìtíì ya fọ́tò pẹ̀lú èkejì rẹ̀, ayàfọ́tò á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á tẹ méjèèjì pọ̀ sórí bébà kan, á dà bíi pé wọ́n jọ jókòó. Bó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n, ọmọ tó kù á wọ aṣọ ọkùnrin lẹ́ẹ̀kan, á wọ ti obìnrin lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ìdílé kan fi irú fọ́tò yìí rọ́pò ère ìbejì.

Ìyá tó ní kí wọ́n ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, kí ló tún kù tó yẹ kó ṣe kẹ́ ẹ tó gbà pé ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀?