Ẹ Má Fi Ọmọ Ṣe Ìdógò

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kubwa, ní Àbújá, ìyàwó kan tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti pínyà gbé ìwé àjákọ kan síwájú àwọn àgbà. Gbogbo ohun tí ó ti rà fún ọmọ wọn láti oṣù kẹsàn-án ni ó fi báírò kọ sínú rẹ̀: gààrí, bàtà ilé ìwé, oògùn ibà, owó ìdánwò. Ọkọ kò tilẹ̀ ṣí i. Ó da fóònù rẹ̀ dojú bolẹ̀ lórí ìwé náà, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, èmi ni mo lọmọ. Ọjọ́ tí ó bá dá ọmọ mi padà sílé ni n ó bẹ̀rẹ̀ sí í náwó lé e lórí." Àwọn kan mi orí pé ó sọ̀rọ̀. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé dákẹ́. Ọmọ ọdún 9 tí à ń jà lé lórí wà níta lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń bá wa to àga.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Lóòótọ́, àwa Yorùbá gbà pé bàbá ló lọmọ, ṣùgbọ́n òfin tí ó de àwa tí à ń gbé Àbújá kì í béèrè ẹni tí ó lọmọ kí ó tó béèrè ẹni tí yóò bọ́ ọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ka ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, ó ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí àwọn òbí rẹ̀ máa gbọ́ bùkátà rẹ̀ níwọ̀n bí agbára wọn bá ṣe mọ, ó sì fún ọmọ fúnra rẹ̀ láyè láti béèrè ẹ̀tọ́ náà ní ilé ẹjọ́. Ẹ̀tọ́ ọmọ ni o, kì í ṣe oore tí ọkọ ń ṣe fún ìyàwó tí ó bá gbọ́ràn.

Ọ̀tọ̀ ni ọ̀dọ̀ ẹni tí ọmọ yóò máa gbé, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí yóò máa náwó. Fún àwọn tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó kóòtù, Òfin Ọ̀ràn Ìgbéyàwó ti ọdún 1970 pàṣẹ pé ire ọmọ ni kí adájọ́ fi ṣáájú ohun gbogbo. Àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ń lo ìlànà Málíkì, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tí ó gbilẹ̀ ní Òkè Ọya níbí, mọ̀ pé ìyá ni ó kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti tọ́ ọmọ lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀, ọkùnrin títí tí yóò fi bàlágà, obìnrin títí tí yóò fi wọlé ọkọ. Síbẹ̀, ọrùn bàbá ni ìnáwó wà.

N kò gbè sẹ́yìn ìyá tí ó ní ọkọ kò ní fojú kan ọmọ nítorí pé kò san owó. Ọmọ tí kò rí owó ilé ìwé, tí kò tún rí bàbá, gbèsè tí a jẹ ẹ́ ti di méjì. (Bí ọkùnrin bá jẹ́ ẹni tí ń lu ọmọ, ìyẹn yàtọ̀, kí adájọ́ dá sí i.)

Àwọn àgbà tún rán obìnrin náà létí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àwọn wo ni ọ̀rẹ́? Owó bàtà ni ó ń wá, kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ní Àbújá, Òfin Ìdènà Ìwà Ipá sí Ènìyàn ti ọdún 2015 sọ pé ẹni tí ó bá pa aya, ọkọ tàbí ọmọ rẹ̀ tì láìsí ohun tí wọn yóò jẹ lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún 3, tàbí kí ó san owó ìtanràn tó 500,000 náírà, tàbí kí ó fara gba méjèèjì. N kò fẹ́ kí bàbá náà lọ sẹ́wọ̀n, nítorí ẹlẹ́wọ̀n kì í san owó ilé ìwé. Ṣùgbọ́n Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Maitama, wọ́n ń gba irú ẹ̀sùn báyìí lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì máa ń pe tọ̀tún tòsì jókòó.

Nígbà tí mo lanu sọ̀rọ̀ níkẹyìn, ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a kọ àdéhùn sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí owó sì máa gba báńkì kọjá. Wọ́n fọwọ́ sí i: 25,000 náírà lóṣù, kí bàbá sì máa mú ọmọ ní ọjọ́ Sátidé. Owó oṣù àkọ́kọ́ wọlé. Ti oṣù kejì kò tíì wọlé, ṣùgbọ́n ọmọ lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Sátidé tó kọjá, nítorí mo bẹ ìyá rẹ̀ kí ó má ṣe dí i lọ́nà. Ní ọjọ́ Ajé, èmi àti ìyá náà pẹ̀lú ìwé àjákọ yẹn yóò jọ lọ sí Maitama.