Ta Ló Sọ Pé Ẹni Tí Kò Mọ̀wé Ló Ń Kọ́ṣẹ́?

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ẹ̀gbọ́n màmá mi pè mí láti Iléṣà. Ilé wọn kò jìnnà sí ilé ìwòsàn Wesley Guild, Màmá Iléṣà ni gbogbo wa sì ń pè wọ́n. Ohùn wọn ti há. Wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n bí sí Manchester. Ọmọ náà ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama, èsì ìdánwò rẹ̀ dára, àmọ́ ó ní òun kò wọ yunifásítì bí àwọn ẹgbẹ́ òun ṣe ń wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ sọ́ftíwià ni òun fẹ́ lọ kọ́ ní ilé iṣẹ́ kan. "Ọmọ mi, kí ló sọ ọmọ tí a bí sí ìlú òyìnbó di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́? Ṣé ìwé kọ̀ ọ́ ni, àbí ẹnìkan ló ń ṣe é?"

Ọ̀rọ̀ wọn kò yà mí lẹ́nu. Ní Ifẹ̀ níbí àti ní Iléṣà, bí a bá gbọ́ pé ọmọ kan ń kọ́ṣẹ́, ohun tó máa ń wá sí ọkàn wa ni pé ó ti jókòó JAMB lẹ́ẹ̀mẹta, máàkì kò wọlé, ni bàbá rẹ̀ bá fà á lé mẹkáníìkì lọ́wọ́. A tilẹ̀ ń fi dẹ́rù ba ọmọ: "Bí o kò bá kàwé, màá mú ọ lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀." Báyìí la ṣe dàgbà sínú ìgbàgbọ́ pé ọlọ́pọlọ ló ni yunifásítì, ẹni tó bá ṣẹ́kù ló ni ẹ̀kọ́ṣẹ́. Irọ́ ni. Iṣẹ́ kíkọ kóòdù ni mo fi ń jẹun, mo sì ti rí bí irọ́ yìí ṣe ń ba ọmọ tó ní ẹ̀bùn jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ọmọ yẹn fẹ́ ṣe gan-an. Degree apprenticeship ni wọ́n ń pè é. Èmi máa ń pè é ní ẹ̀kọ́ṣẹ́ oní-dìgírì. Ilẹ̀ England bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2015. Ilé iṣẹ́ á gba ọmọ síṣẹ́, á máa sanwó oṣù fún un, ọmọ náà á sì tún jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lásìkò kan náà. Manchester Metropolitan University wà lára àwọn tó ń ṣe é, Open University náà ń ṣe é. Èyí tó jẹ mọ́ sọ́ftíwià ń jẹ́ Digital and Technology Solutions Professional. Ìpele kẹfà ló wà nínú ètò ẹ̀kọ́ wọn, ìpele kan náà tí BSc wà. BSc gan-an ni wọ́n sì ń fún ọmọ náà níparí, láti ọwọ́ yunifásítì tó kọ́ ọ.

Màmá dá mi dúró níbẹ̀. "Ṣé yóò wọ gáùn?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ẹ fọkàn balẹ̀ Màmá, yóò wọ gáùn."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá béèrè ẹni tí yóò sanwó ilé ìwé. Ìbéèrè àgbà nìyẹn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, iye tó pọ̀ jù tí yunifásítì ilẹ̀ England lè gbà lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ tó ń ka dìgírì àkọ́kọ́ jẹ́ £9,535 lọ́dún. Ẹ ṣírò ọdún mẹ́ta, ó di £28,605, kò tíì kan oúnjẹ àti ilé. Gbèsè ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń kàwé. Ọmọ tó wà nínú ẹ̀kọ́ṣẹ́ oní-dìgírì kò ní san kọ́bọ̀ nínú owó ẹ̀kọ́ yẹn. Láti oṣù Kẹrin 2017, ilé iṣẹ́ tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ju mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ùn lọ lọ́dún ń dá owó kan fún ìjọba, ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún, owó tó wà fún kíkọ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Inú irú owó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń san ti yunifásítì. Ìjọba ló máa ń san èyí tó pọ̀ jù fún àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó rọrùn o. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á yẹ èsì ìdánwò rẹ̀ wò, á tún dán an wò fúnra rẹ̀, á fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Bó bá wọlé tán, á máa ṣiṣẹ́ bí òṣìṣẹ́, apá kan nínú wákàtí tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ ló sì máa fi kẹ́kọ̀ọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ ni. Iṣẹ́ àṣetiléwá ṣì ń dúró dè é lálẹ́. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá gba ìsinmi oṣù mẹ́ta, òun á wà níbi iṣẹ́. Ní ọdún tó kẹ́yìn, á ṣe iṣẹ́ àṣekágbá kan tó jẹ́ nǹkan tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ nílò ní tòótọ́, á kọ ìròyìn rẹ̀, á sì dáhùn ìbéèrè níwájú àwọn olùyẹ̀wò. Ẹni tí ìwé kọ̀ kò lè dé ibẹ̀.

Mo wá bi Màmá pé, "Àwọn ọmọ tó ń wọ kóòtù funfun kọjá níwájú ilé yín lọ sí Wesley Guild, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?" Wọ́n ní wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Wesley Guild jẹ́ ọ̀kan lára ẹ̀ka ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti OAU. Ẹ tún orúkọ yẹn gbọ́: ilé ìwòsàn *ẹ̀kọ́ṣẹ́*. Ọmọ yẹn á dúró lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn, á wo bí ọ̀gá ṣe ń tẹ ikùn, ọ̀gá á bi í léèrè lójú gbogbo ènìyàn, bó bá ṣì í, á gbọ́ ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tó gboyè tán, á tún lo ọdún kan sí i lábẹ́ ọ̀gá. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń sunkún ní Iléṣà pé ọmọ òun ń kọ́ iṣẹ́ dókítà.

Ní Ifẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó fẹ́ di babaláwo á lọ gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Á bá a gbé àpò, á bá a ròde awo, á máa wo bó ṣe ń tẹ Ifá, á máa ké ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e títí wọn yóò fi dúró sí i lórí. Odù 256 ni, ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn kò lóǹkà. Ìmọ̀ tó jinlẹ̀ jù tí ìlú yìí ní, ìmọ̀ tí UNESCO kéde ní 2005 pé ó jẹ́ ìṣúra fún gbogbo ọmọ aráyé, ẹ̀yìn ọ̀gá ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ta ló máa dúró ní Òkè Ìtasẹ̀ kó ní torí pé orí ọmọ awo kò gbé ìwé ló ṣe ń kọ́ṣẹ́?

Bẹ́ẹ̀ náà ni sọ́ftíwià rí. Nínú kíláàsì, wọ́n á kọ́ ọ ní bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ronú, bí a ṣe ń to dátà, ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀. Èmi kì í fojú kéré ìyẹn, nítorí ẹni tí kò ní in máa ń rìn lórí ìpìlẹ̀ rírọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí kíláàsì tó lè fún ọ ní kóòdù tí ogún ènìyàn ti kọ láàárín ọdún mẹ́jọ, tí méjìlá nínú wọn ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó ní kí o tún un ṣe láìjẹ́ kí owó oníbàárà sọnù. Ọ̀gá tó bá jókòó tì ọ́, tó ka kóòdù rẹ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tó ní "kí ló dé tí o fi ṣe èyí báyìí?", òun ló ń kọ́ ọ níyẹn. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo ṣiṣẹ́ lábẹ́ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, mo kọ́ ohun tí n kò mọ̀ pé mi ò mọ̀.

Àwa náà ti gbìyànjú rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ní 1973 ni ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, dá ètò SIWES sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ibi kọ́ iṣẹ́ tó ń kà. Èrò tó dára ni. Àmọ́ nígbà tó kàn mí, ibi tí mo bá ara mi kò ní ẹnikẹ́ni tó ń kọ kóòdù. Oṣù mẹ́fà ni mo fi tẹ orúkọ ènìyàn sínú kọ̀ǹpútà, tí mo ń gbé fáìlì láti yàrá dé yàrá, tí wọ́n ń rán mi lọ ra àmàlà. Ìgbà kan ṣoṣo ni olùbẹ̀wò wá, ó fọwọ́ sí ìwé mi, ó lọ. Ó ṣì ń dùn mí di òní, nítorí mi ò lè gba oṣù mẹ́fà yẹn padà. Mo gbà pé ìgbàgbọ́ tí mò ń bá jà yìí wà lára ohun tó fà á. Bí a bá ti gbà pé ìwé ni ẹ̀kọ́, tí iṣẹ́ sì jẹ́ àfikún lásán, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọmọ rí nǹkan kọ́? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ Jobberman, ìkànnì tí àwọn ènìyàn fi ń wáṣẹ́, ní 2009, lásìkò ìyanṣẹ́lódì ASUU, ṣe é kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀rí jáde. Ọwọ́ wọn wà nínú iṣẹ́, orí wọn wà nínú ìwé.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ fi kún un, nítorí lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Lágéré, ẹnìkan ti fẹ́ lọ fún àjẹ́ǹtì lówó. Ẹ má ṣe é. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ oní-dìgírì ilẹ̀ England kì í ṣe ọ̀nà tí a ń gbà láti Ifẹ̀ wọ ìlú òyìnbó. Ọmọ tó fẹ́ jẹ àǹfààní owó náà gbọ́dọ̀ ti ń gbé níbẹ̀ lọ́nà tó bófin mu fún ọdún mẹ́ta, ó kéré tán, ẹni tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ kò sì lè wọ ètò náà. Ọmọ-ọmọ Màmá lè ṣe é nítorí ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé. Ẹni tó bá ń tà á fún yín ní físà, ẹ gbé owó yín kúrò níwájú rẹ̀.

Ọ̀ràn tiwa ni SIWES tó wà lọ́wọ́ wa. Àbúrò mi wà ní OAU, ó ń wá ibi tí yóò ti ṣe tirẹ̀. Mo ní kó má béèrè bóyá ọ́fíìsì náà ní ẹ̀rọ amúlétutù. Kó béèrè orúkọ ẹni tí yóò máa ka kóòdù rẹ̀, iye ìgbà tí yóò máa kà á lọ́sẹ̀, àti iṣẹ́ tí wọ́n máa fi lé e lọ́wọ́ lóṣù àkọ́kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ́fíìsì kan ní Òṣogbo fẹ́ gbà á, wọ́n tiẹ̀ fẹ́ máa fún un lówó ọkọ̀. Ó béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó rí orúkọ kankan dá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó wọ mọ́tò padà sí Ifẹ̀, ó sì ń wá òmíràn.