Orin "Zombie" ti wà kí wọ́n tó sun ilé Fẹlá

Ẹ̀gbọ́n, okun o. Ẹ ti sọ fún àwọn ọ̀dọ́ Kàbà pé Fẹlá kọ "Zombie" láti fi ṣọ̀fọ̀ ilé rẹ̀ tí àwọn sójà sun, àti pé ẹkún ìyá rẹ̀ ni fèrè inú orin náà ń sun. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọdún 1976 ni orin náà jáde, nígbà tí ìyá ṣì wà láyé. Ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977 ni àwọn sójà ya wọ Kalakuta, ilé Fẹlá, tí wọ́n lu àwọn ará ilé, tí wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé, tí wọ́n sì dáná sun ilé náà. Àṣẹ ológun ló kún inú "Zombie": máa lọ, dúró, yí padà, tí àwọn elégbè sì ń gbè é. Sójà tí kì í ronú kó tó ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe ni Fẹlá ń bá wí. Orin rẹ̀ mìíràn, "Unknown Soldier" ti ọdún 1979, ló sọ nípa ìkọlù náà, ó sì dùn mí pé àwọn ọmọ wa kò tíì gbọ́ ọ. Bí fèrè náà bá pa yín lẹ́kún, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wọn pé èrò tiyín nìyẹn, kì í ṣe ti Fẹlá.